Wáyà Tí Ó Wọ Ìgbàlẹ̀

Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, ẹ̀yìn abọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ara mi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí ènìyàn bá kí mi ju bí ó ṣe yẹ lọ, mo máa ń ro ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣiṣẹ́ láìyọnu rárá, mo máa ń tú u wò. Ìwà yìí ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n òun náà ni mo fi ń jẹun, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Gún kò fẹ́ ẹni tí ó ń gba ohun gbogbo gbọ́.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní àdúgbò Tokpota ni mo wà. Àwa ni a ń fa wáyà ayélujára wọ ilé àti bùtíìkì àwọn ènìyàn káàkiri àdúgbò. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ oníṣòwò, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí kì í sì í fi orúkọ ara rẹ̀ ṣeré. Èmi àti àgbà oníṣẹ́ kan ni a ń mójú tó wáyà. Ọmọ Gún ni àgbà náà, òun ni ó kọ́ mi níṣẹ́, Tọ́ntọ́n, ìyẹn àbúrò bàbá lédè Faransé, sì ni gbogbo wa ń pè é.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ọ̀gá ní àkókò tó kí a múra sílẹ̀ fún ìlànà tuntun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí ayélujára gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Àwọn àdírẹ́sì ti àtijọ́ kò tó mọ́, odindi àdúgbò ni ó ń pín ẹyọ kan lò, bí àwọn ayálégbé tí ó ń pín kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀ kan. Ìlànà tuntun ní àdírẹ́sì tí kò ní tán láéláé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wa kò gbọ́ èdè rẹ̀, nítorí náà a ní láti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a pààrọ̀ èyí tí ó ti di adití, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ta ló wá máa di kọ́kọ́rọ́ náà mú?" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ibi tí mo ti jogún ìfura.

Ọ̀gá pe èmi àti Tọ́ntọ́n jókòó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní orí wáyà wa ni àwọn oníṣòwò ti ń ra ọjà, tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́, tí wọ́n ti ń sọ àṣírí ara wọn. "Bí olè bá gba ara wáyà wa wọlé sí oníṣòwò kan ṣoṣo, a ti kógbá sílé nìyẹn. Ẹ̀yin náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn." Tọ́ntọ́n mi orí. Èmi náà mi orí, ṣùgbọ́n ojú Tọ́ntọ́n ni mo ń wò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tẹ́tí sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti ń sọ èdè ìlànà tuntun yìí lórí wáyà wa kí àwa tó ṣí i. Ó yẹ kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń mu ọsàn, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan kan sọ̀rọ̀. Ó tún sọ̀rọ̀. Ọ̀nà àdúgbò Dowa ni ohùn rẹ̀ ti ń wá, ohun kan náà ni ó sì ń kéde: òun ni ọ̀nà, kí gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò gba ọ̀dọ̀ òun kọjá.

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà tí kò tíì pẹ́ láyé gbọ́ èdè náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, ẹ̀rọ kò sì ní ìfura. Ẹni tí ó bá ti ké pé òun ni ọ̀nà, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà wa ní Dowa ti ń gba inú àpótí kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ kọjá. Bí ẹni tí ó ni àpótí náà bá jẹ́ olè, yóò kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni, kí ó máa mú èyí tí ó wù ú.

Tọ́ntọ́n ni ọkàn mi lọ sí. Àwa méjì nìkan ni a ní kọ́kọ́rọ́ àwọn àpótí orí òpó. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti ń kíyè sí i pé tí mo bá ti dárúkọ Dowa, á wá iṣẹ́ kan ṣe ní òdìkejì yàrá. Ó ti bi mí rí pé kí ló ń lé wa lórí ìlànà tuntun yìí, ṣé èyí tí à ń lò kò dára ni. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀lẹ àgbà ni. Báyìí, mo ń rò ó pé ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, àfàìmọ̀ kó má ti fi ata sẹ́nu. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn kí n tó sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀gá pọ́n. Ó ní, "Wá a rí. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí o ò rí i, ọlọ́pàá ni màá pè. Ilé tí wáyà náà bá wọ̀, wọn á tú u láti òkè délẹ̀."

Mo gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Dowa. Òpó tí ohùn náà ti ń wá kì í ṣe òpó àjèjì sí mi, igun ilé bàbá mi ni ó wà, èmi fúnra mi ni mo sì fa wáyà láti orí rẹ̀ wọ pálọ̀ Bàbá. Mo gun àkàbà, mo ṣí àpótí. Mo máa ń so òwú pupa mọ́ ìdí gbogbo wáyà tí mo bá fà, kí n lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wáyà kan wà níbẹ̀ tí kò ní òwú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó gba orí ògiri, ó yí ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi po, ó rọra bá abẹ́ páànù kan wọlé. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ìgbàlẹ̀ ni.

Ilé eégún ni ilé wa. Ẹ̀yìn ilé ni ìgbàlẹ̀ wà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń tọ́jú ẹrù àwọn ará ọ̀run, obìnrin kì í sì í wọ ibẹ̀. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí, títí di òní, bí ìgbàlẹ̀ náà bá ní fèrèsé, n kò mọ̀. Bàbá mi, tí ó fi iṣẹ́ káfíńtà tọ́ gbogbo wa, ni àgbà ibẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀ lórí eégún, ọ̀rọ̀ tán.

Mo dúró ti ògiri náà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọkàn mi kúrò lára Tọ́ntọ́n díẹ̀, ó sún mọ́ ilé. Àbúrò mi ọkùnrin kan wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù, tí ó ń wọ bàtà tí n kò lè dárúkọ, tí kò sì sẹ́ni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ báyìí ni ó ń ṣe. Ọ̀dọ́ tí ó ń jókòó ti fóònù láti máa tan àwọn ará òkè òkun jẹ kò ṣọ̀wọ́n láàrin ìlú. Níbo ni irú wọn ìbá tún fi nǹkan pamọ́ sí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọlọ́pàá ń bẹ̀rù ibẹ̀, ìyá wọn kò lè gbálẹ̀ débẹ̀, èmi tí mo sì mọ iṣẹ́ náà, obìnrin ni mí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Ọlọ́pàá yóò fi bàtà wọ ìgbàlẹ̀, Bàbá kò sì ní pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, dúkìá àwọn oníṣòwò lè lọ, iṣẹ́ mi a sì bá a lọ.

Ẹ má rò pé mo ń bẹ̀rù lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó mọ bí ọwọ́ Bàbá ṣe le tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àkókò ọdún eégún, eégún kan nà án ní pàṣán lójú títì. Ẹsẹ̀ ni ó fi mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, inú bí i, ó sì pe orúkọ tí ìyá onítọ̀hún sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ará ọ̀run ni eégún, kò ní orúkọ tí obìnrin ń pè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bàbá ti lé e kúrò nílé. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kí a má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ó ń pè mí láti ibẹ̀, n kò gbé e, nítorí Bàbá ti sọ pé bí àwa ọmọ bá rú òfin náà, lórí ìyá wa ni yóò bọ́ sí. Nígbà tí ó yá, kò pè mọ́.

Síbẹ̀, mo lọ bá Bàbá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ìwọ náà kú iṣẹ́. Kí ló dé tí ò ń yí ògiri mi po bí ẹni tó sọ ewúrẹ́ nù?"

"Wáyà kan ni mo rí, Bàbá. Ó wọ ìgbàlẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fà á."

Ó tún fìlà rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ fìlà náà kò wọ́. "Ohun tó bá wà níbẹ̀, ti awo ni."

"Mi ò bèèrè awo, Bàbá. Ẹni tó ń lo kọ̀nẹ́síọ̀n níbẹ̀ ni mò ń bèèrè."

"Bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Dìde, lọ kí ìyá ẹ."

Kò bínú. Ohun tí ó já mi láyà jù nìyẹn. Bàbá tí mo mọ̀ ì bá ti jágbe mọ́ mi. Ẹni tí ó rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbàlẹ̀ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń bò.

Mo padà sí Tokpota, mo ká Tọ́ntọ́n mọ́ ibi tí ó ti ń gé wáyà. Mo ní, "Tọ́ntọ́n, ta ló fa wáyà kejì wọ ilé bàbá mi?" Irin ìgéwáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú ibẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó ní òun ti búra fún àgbàlagbà kan, kí n má bi òun mọ́. "Ṣùgbọ́n mi ò wọbẹ̀ o. Èmi kì í ṣe ọmọ awo. Ẹ̀bá ògiri ni mo parí iṣẹ́ mi sí, àwọn tó wà nínú ló gba ẹnu wáyà lọ́wọ́ mi." Mo fi í sílẹ̀. Ó ti sọ ju bí ó ṣe rò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó ti ìyá mi nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀pà. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí gbogbo ẹni tí ó bá wọ ìgbàlẹ̀ tàbí tí ó bá jáde. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Èrò mi ni pé kí n pa wáyà yẹn nìkan láti ibi tí mo jókòó sí, kí n wá wo ẹni tí yóò pariwo. Olè kò ní lè dákẹ́ tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ bá dí.

Mo ní sùúrù. Àbúrò mi gbé alùpùpù rẹ̀ kọjá, ó kí wa, ó ń bú sẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀, ó jáde lọ. Bàbá wọ ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú igò ojú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ó lọ kìlọ̀ fún ẹnì kan. Mo ní kí ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà mo pa wáyà náà.

Mo gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ògiri. "Àló? Àló? Ṣé ò ń gbọ́ mi? Jọ̀ọ́, má tíì lọ. Àló?"

Bàbá mi ni. N kò tíì gbọ́ kí ó bẹ ènìyàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo wo ìyá mi. Kò gbójú sókè, ẹ̀pà rẹ̀ ni ó ń ṣẹ́ lọ, mo sì rí i pé ohùn náà kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn náà tún wọ̀ mí lára.

Bàbá jáde sí wa láìdé fìlà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí kọ̀ǹpútà lórí itan mi.

"Ìwọ lo pa á?"

"Èmi ni, Bàbá. Ta ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó wo ìyá mi, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, níbi tí n kò rí i kí ó jókòó sí rí, ó sì sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì, ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ni ó ń rí. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó wá a rí. Òun ni ó kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi àpótí ayélujára náà ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé kí ojú àwọn méjèèjì lè máa hàn síra dáadáa. Bàbá bẹ Tọ́ntọ́n kí ó fa wáyà, ó sì fi í búra.

Mo ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ inú ìgbàlẹ̀?"

"Níwájú àwọn tí mo fi orúkọ wọn lé e ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Òun ló ní bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́."

"Èmi ńkọ́? Ẹ ní ká má bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá mi ń pè mí, mò ń wo fóònù títí tó fi dákẹ́. Ẹ̀yin wá ń bá a sọ̀rọ̀!"

"Ojú gbogbo ilé ni mo ti pàṣẹ yẹn. Tí mo bá ká a kúrò lójú gbogbo ilé, ta ló tún máa gbọ́rọ̀ sí ìgbàlẹ̀ lẹ́nu?"

Inú bí mi. Mo ti ń wá olè, olè kan sì wà lóòótọ́, ohun tí ó jí ni a kò lè fi ọlọ́pàá gbà. Ó gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi, ó sì ń jẹ ẹ́ lóun nìkan níbi tí èmi kò lè dé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá mi ní, "Ó tó," ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán.

Nígbà tí mo mí sílẹ̀, mo rántí àpótí ayélujára náà, mo sì bi Bàbá bí wọ́n ṣe ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó ní òun àti àbúrò òun kan tí ó jẹ́ awo ni àwọn ṣe é, pé ihò tí ó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni àwọn ki wáyà sí, nítorí ibi tí ihò pọ̀ sí ni agbára yóò pọ̀ sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi wáyà sí ibi tí àpótí fi ń pín ọ̀nà fún àwọn ará ilé, ni àpótí bá rò pé ará ilé òun ni gbogbo Dowa, ó sì ń kéde ara rẹ̀ fún wọn. Kò sí olè níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oníṣòwò kankan. Èmi àti Tọ́ntọ́n tí a mọ iṣẹ́ náà kò lè wọ ibẹ̀, àwọn tí ó sì lè wọ ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Títí di òní, n kò mọ ibi tí owó alùpùpù àbúrò mi ti wá.

"Ẹ padà wọlé," mo ní. "Màá máa sọ ọ́ fún yín láti ìta."

Mo dúró ti ògiri, Bàbá wà nínú. Mo ní kí ó fa wáyà yọ. Mo ní kí ó wá ihò tí ó dá wà, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní òun kò rí i. Mo ní kí ó wọ igò ojú rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó rí i, mo gbọ́ bí ó ṣe dún wọlé. Mo ṣí wáyà padà, mo sì tẹ́tí sí gbogbo Dowa lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó pa rọ́rọ́. Mo lè lọ sọ fún ọ̀gá pé àṣìṣe oníbàárà kan ni, pé mo ti tún un ṣe, kò sì ní jẹ́ irọ́.

Fóònù Bàbá dún lẹ́yìn ògiri. Mo ké sí i kí ó tó gbé e. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e. Mi ò ní wọlé. Ẹ na ọwọ́ yín jáde ni."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba fóònù náà, mo gbé e sétí, n kò wo ojú fóònù náà, nítorí ẹ̀rù ojú ẹ̀gbọ́n mi ń bà mí.

"Bàbá?" ni ó wí.

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

Mo sọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé fún un, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi ń pè mí nígbà tí n kò tíì lè rìn. Mo gbọ́ ọkọ̀ tí ó ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ? Kí ni wọ́n ní kó o bi mí?"

"Kò sí nǹkan kan. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ó ní, "Gbé fóònù fún Bàbá," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ṣe ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Mo na fóònù padà sí ẹnu ọ̀nà, Bàbá sì gbà á.